Orúkọ Olóṣèlú Lára Ilé Yunifásítì àti Àgbẹ̀ Abúlé Ìbàdàn

Ní Ifẹ̀, orúkọ Awólọ́wọ̀ àti ti Akíntọ́lá wà lára ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà kan náà, bẹ́ẹ̀ ìjà ọdún 1962 ti pín àwọn méjèèjì níyà. Orúkọ Awólọ́wọ̀ tún wà lára ilé ìgbé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ipò Prẹ́míà ni wọ́n sábà fi ń ṣàlàyé ìyẹ́sí yìí. Àlàyé náà tọ́, ṣùgbọ́n ó fo àwọn àgbẹ̀ dá. Owó kòkó ni òpómúléró àpò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí ó pa á. Nígbà tí owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n dìde ní 1968 lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà; ní 1969 wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Awólọ́wọ̀, tí kì í ṣe Prẹ́míà mọ́ bí kò ṣe Kọmíṣọ́nnà Ìṣúná fún ìjọba àpapọ̀, ni ó lọ bá Táfà Adéoyè ní Akanran, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Ará ti òde òní. Owó orí wá sílẹ̀ sí £2. Ìrìn Akanran kò sí nínú ohun tí orúkọ ara ilé ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni Adéoyè kò sí lára àwọn tí wọ́n fi sọ ilé wọ̀nyí.