ayédèrú

Ìsọ̀rí: ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn: ayédèrú owó, ayédèrú oògùn, ayédèrú ìwé-ẹ̀rí.

Ìṣẹ̀dá: ayé + di + èrú.

Ìtumọ̀: ohun tí a ṣe ní àwòrán ojúlówó láti fi tan ènìyàn jẹ. Òdì-kejì: ojúlówó.

Ìlò

1. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì. Ayédèrú àdírẹ́sì ni èyí tí a kọ kí ó lè jọ ti iléeṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan. Àdírẹ́sì BOUESTI, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ni bouesti.edu.ng. Bí ẹnìkan bá kọ bọuesti, ojú lè fò ó, pàápàá bí a bá fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Létà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o àti ọ lójú kọ̀ǹpútà: U+006F ni o, U+1ECD sì ni ọ. Àmì ìsàlẹ̀ tí ó ya òwò kúrò lára ọ̀wọ̀ náà ni ẹlẹ́tàn lè fi bojú.

2. Aṣojú. Sọ́fítíwíà ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ fún ènìyàn kì í rí ojú ẹni tí ó ń bá dúnàádúrà. Àdírẹ́sì ni ó ń rí. Nítorí náà, irinṣẹ́ aṣàwárí ewu máa ń yẹ létà kọ̀ọ̀kan wò, a sì tún máa wo ọjọ́ tí a forúkọ àdírẹ́sì náà sílẹ̀, kí aṣojú tó fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ránṣẹ́.

Àkíyèsí fún ògbufọ̀

Ayédèrú yàtọ̀ sí àfarawé, tí kò fi dandan ní ẹ̀tàn nínú. Ó sì yàtọ̀ sí aláìláṣẹ. Ní oṣù Kẹfà 2024, àjọ Paradigm Initiative kéde pé ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì kan ń ta NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, ní ₦100. NIMC, àjọ tí ó ń fúnni ní nọ́ńbà náà, fèsì pé òun kò fún ibùdó kankan láṣẹ láti tà á. Ibùdó náà kò jẹ́ orúkọ NIMC. Orúkọ ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́. Aláìláṣẹ ni ó tọ́ kí a pè é. Irinṣẹ́ tí ó ń wá ayédèrú létà nìkan kò lè rí irú rẹ̀ mú. Bí ìkìlọ̀ bá sì lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì, òǹkàwé yóò máa yẹ orúkọ wò níbi tí ó yẹ kí ó ti béèrè àṣẹ.

Tún wo: èrú, gbájúẹ̀, ìdánimọ̀, ojúlówó.