Ìkòkò Àfọwọ́mọ láti Kumasi dé Abuja

Bí ènìyàn bá ti Aboabo ní Kumasi forí lé ìhà àríwá, yóò dé Pankrono, níbi tí àwọn obìnrin Aṣánti ti ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò láti ìgbà pípẹ́. Ìkòkò kì í yí níbẹ̀. Amọ̀kòkò ni í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí í yí i ká.

Michael Cardew, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Achimota láàrin 1942 sí 1945, kí ó tó dá ibùdó ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí í ṣe Suleja nísinsìnyí. Ladi Kwali dé ibẹ̀ ní 1954. Ó kọ́ lílo àgbá ayíbírí, ṣùgbọ́n ìkòkò àfọwọ́mọ rẹ̀ ni ayé fi mọ̀ ọ́n jù lọ.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe rò pé láìsí ẹ̀rọ kò sí ẹ̀kọ́. Kí ó pín ìṣù amọ̀ tí ó dọ́gba fún àwọn ọmọ, kí ó sì fi ìdíje ṣe eré: ta ni yóò mọ èyí tí ó ga jù tí kò sì ní wó? Ẹni tí tirẹ̀ bá wó yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ògiri rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù; ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ bá sì ti kọ́, orí kì í tètè gbàgbé.