Tàpá sí

Tàpá sí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún ẹni tó mọ òfin, tó lágbára láti pa á mọ́, síbẹ̀ tó kọ̀ ọ́ ní gbangba. Inú ìpá títa ló ti wá, irú èyí tí ẹṣin ń ta. Ìdí nìyí tí kò fi bá ohun ìkọ̀kọ̀ mu. Ẹni tó gbé ìrẹsì gba inú igbó kọjá ẹnubodè lóru rú òfin. Awakọ̀ tó rí iná pupa, tó rí ọlọ́pàá, tó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá, òun ló tàpá sí i.

Òfin, àṣẹ, ìlànà tàbí ìkìlọ̀ là ń tàpá sí. Ènìyàn là ń fojú di, ìmọ̀ràn là ń kọ etí ikún sí, èèwọ̀ là ń jẹ. Tẹ̀ lójú mọ́lẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n alágbára ló sábà máa ń tẹ òfin lójú mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ náà lè tàpá.

Ọ̀pọ̀ rò pé ìbáwí nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí gbé dání. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta. Láti 1918 ni ìjọba amúnisìn ti ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin á ti máa san án láti ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin á di ọmọ ọdún 16 kó tó máa san án. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń darí dìde, Fúnmiláyọ̀ kò sá fún agbowó-orí. Ó ní òun kò ní san, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Ìjọba kọ̀ láti yọ̀ǹda ìwọ́de fún wọn, ni wọ́n bá pe ìwọ́de ní ìgbafẹ́. Ní Oṣù Kọkànlá 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kóra jọ síwájú ààfin Aláké, ọba Abẹ́òkúta tí ìjọba ń lò láti gba owó náà, wọ́n ń kọrin, ojú wọn hàn gbangba. Títàpá gan-an nìyẹn, ó sì tọ̀nà. Nígbẹ̀yìn, wọ́n dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní Oṣù Kìíní 1949, kó tó padà dé ní 1950.

Àṣìlò kan wà tó yẹ kó dópin. Lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn, wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú “tàpá sófin”, nígbà tí adájọ́ kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀, tí a kò sì mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé òfin náà wà. Ẹ̀sùn ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni wọ́n fi kàn án yẹn. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ jọ̀wọ́, “wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó rú òfin” ni kí ẹ máa kọ.