Onome Ebi, Òpó Ẹ̀yìn
Ẹni tí ó gbá góòlù wọlé ni òǹwòran ń yìn. Ẹni tí ó ń dínà fún ọ̀tá lẹ́yìn kì í sábà gba ìyìn. Ẹ̀yìn yìí ni Onome Ebi, tí a bí ní ọdún 1983, dúró sí. Ó bá ẹgbẹ́ Nàìjíríà lọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé mẹ́fà, láti 2003 títí di 2023. Síbẹ̀, iyì kò di owó: ní ìparí ọdún 2016, lẹ́yìn tí wọ́n gba Ife-Ẹ̀yẹ Áfíríkà, àwọn obìnrin náà fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá nítorí owó ẹ̀tọ́ wọn. Ìtàn bọ́ọ̀lù tí ó bá ka góòlù nìkan, ìdajì ni ó sọ.