Faustina, Fádà Sopoćko àti Iṣẹ́ Àánú Ọlọ́run

Ẹni tí kò lò tó ọdún mẹ́ta nílé ìwé ni Helena Kowalska. Abúlé Głogowiec ní Pólàndì ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹjọ, 1905, òun sì ni ìkẹta nínú ọmọ mẹ́wàá. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kí ó lè ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó fẹ́ di sísítà, ọ̀pọ̀ ilé sísítà ní Warsaw ni kò gbà á. Ìgbà tí ọ̀kan gbà á, wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ owó ohun tí yóò mú wọlé. Ó wọlé ní 1925, ó sì di Faustina. Ilé ìdáná, ọgbà àti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi í sí.

Ní Płock, lálẹ́ ọjọ́ 22, oṣù Kejì, 1931, ó ní òun rí Jésù nínú aṣọ funfun, tí ìtànṣán méjì ń ti àyà rẹ̀ jáde. Jésù ní kó jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ohun tó rí, kí Ìjọ sì ya ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ti Àjíǹde sọ́tọ̀ fún àánú Ọlọ́run. Faustina kò mọ àwòrán yà, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí ọ̀rọ̀ náà.

Níbí ni mo ti ń yẹ́ Fádà Michał Sopoćko sí. Vilnius, tó wà lábẹ́ Pólàndì nígbà náà, ni Faustina ti bá a pàdé ní 1933, tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fádà kò lé e, kò sì gbà á gbọ́ wọ̀ọ̀. Ó ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orí rẹ̀ pé, dókítà sì ní ó pé. Lẹ́yìn náà ló ní kó máa kọ gbogbo ohun tó ń gbọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Fádà rìnrìn àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù, Faustina dáná sun ìwé náà, nítorí ó ní áńgẹ́lì ló sọ bẹ́ẹ̀ fóun. Fádà padà dé, ó ní kó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ràn. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ inú ìwé náà kò fi tò tẹ̀ léra. Lójú tèmi, ẹni tó gbà kí wọ́n yẹ ohun tóun gbọ́ wò ló ń tẹ́tí sí Ọlọ́run ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń kéde lónìí pé Ọlọ́run bá àwọn sọ̀rọ̀ kì í fẹ́ ìbéèrè kankan.

Ní 1934, Eugeniusz Kazimirowski ya àwòrán náà. Faustina sunkún nígbà tó rí i, nítorí kò lẹ́wà tó ẹni tó rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló kọ àdúrà tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ rósárì gbà, èyí tí ọ̀pọ̀ Kátólíìkì nílẹ̀ Yorùbá ń gbà ní agogo mẹ́ta ọ̀sán títí dòní. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní Kraków ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, 1938, lẹ́ni ọdún 33.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Pólàndì tó sá káàkiri gbé àdúrà náà dé ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ní 1959, Fatikánì ka ìtànkálẹ̀ rẹ̀ léèwọ̀. Ìtumọ̀ ìwé náà tó kún fún àṣìṣe wà lára ohun tó fà á. Karol Wojtyła, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kraków, ló ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Oṣù Kẹrin, 1978, ni wọ́n mú èèwọ̀ náà kúrò. Oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Wojtyła di Póòpù John Paul Kejì. Òun ló kéde Faustina ní ẹni mímọ́ lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹrin, 2000, tó sì fún gbogbo Ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi Àánú Ọlọ́run.

Fádà Sopoćko kò rí ìgbà tí wọ́n mú èèwọ̀ náà kúrò, kò sì rí ìkéde náà. Ó kú ní Białystok ní 1975, nígbà tí èèwọ̀ ṣì wà lórí iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ jẹ́. Ìlú náà ni wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ẹni ìbùkún ní 2008.