Arrighi, Giovanni (1937–2009)

Onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ọmọ Ítálì, tí wọ́n bí ní Milan. Ìwé rẹ̀, The Long Twentieth Century (1994), ló sọ ọ́ di olókìkí, àmọ́ Áfíríkà ni gbòǹgbò èrò rẹ̀ wà. Ètò ọrọ̀ ajé ló kọ́ kí ó tó lọ ṣe olùkọ́ ní Rhodesia, Zimbabwe òde òní, ní 1963. Ohun tó rí níbẹ̀ kò bá àlàyé Arthur Lewis, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, mu, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju ohun tí oko nílò lọ. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń ta oúnjẹ fún àwọn ibùdó ìwakùsà. Ìgbà tí ìjọba gba ilẹ̀ wọn, tó sì bu owó orí lé wọn, ni wọ́n tó di alágbàṣe. Ẹnìkan lè sọ pé ọjà nìkan tó láti fa àgbẹ̀ kúrò lóko. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń fi òfin ilẹ̀ ọdún 1930, tí ìjọba fi gba ilẹ̀, ṣe?

Wọ́n lé e kúrò ní Rhodesia ní 1966, ó sì kọjá sí Dar es Salaam, níbi tí òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, John Saul, ti jọ ṣiṣẹ́. Ní 2002, nígbà tó ti wà ní Johns Hopkins, ó padà sórí Áfíríkà. Báǹkì Àgbáyé ti di ẹ̀bi ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé ru àwọn ìjọba Áfíríkà láti 1981. Arrighi kò dá àwọn olórí láre, àmọ́ ó tọ́ka sí èlé owó tí Amẹ́ríkà gbé sókè ní nǹkan bí 1980, tó fa owó àgbáyé lọ sọ́dọ̀ tirẹ̀. Àlàyé náà lágbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó láti sọ ìdí tí Botswana kò fi fà sẹ́yìn bíi tàwọn yòókù.