Ọmọ Tí Ẹ Ń Pè Ní Aláìgbọràn, Bóyá Etí Rẹ̀ Ló Di: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Nípa Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹta

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdọọdún ni Ọjọ́ Etí Gbígbọ́ Lágbàáyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ló ń ṣe agbátẹrù rẹ̀. Níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ tó wáyé nílùú Beijing, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, lọ́dún 2007 ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ṣàdédé mú ọjọ́ yìí: bí èèyàn bá kọ ọ́ ní 3.3, nọ́ńbà méjèèjì jọ etí ọ̀tún àti tòsì. Ọjọ́ Ìtọ́jú Etí ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ọdún 2016 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé ọ̀pọ̀ etí dídi ló ṣe é dènà. WHO sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde lọ́dún 2021 pé àwọn tó lé ní 430 mílíọ̀nù ló nílò ìtọ́jú nítorí etí tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa. Nínú ọmọdé 100 tí etí wọn di, nǹkan bíi 60 ni kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dènà àrùn èèyi àti lọ́rùnlọ́rùn, tí méjèèjì lè di ọmọ létí. Etí tó ń ṣọyún náà ń fẹ́ ìtọ́jú kíákíá.

Ìyẹ́ adìyẹ àti igi ìṣáná tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ro etí kò dára. Ńṣe ni wọ́n ń ti ìdọ̀tí wọnú, wọ́n sì lè lu awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti gbohùngbohùn náà ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò.

Ọjọ́ mìíràn tún wà fún àwọn adití fúnra wọn. Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án, ni Ọjọ́ Èdè Àfọwọ́sọ Lágbàáyé, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 2018. Ní Ìbàdàn, ọdún 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ adití, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀. Etí dídi kò ní kí ọmọ má kàwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ọmọ tí kì í wẹ̀yìn bí ẹ bá pè é, tàbí tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe yára fa pàṣán yọ. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí a sọ, kò ṣàìgbọràn.